Takisí Tí Òǹgbẹ Ń Gbẹ

Gbogbo àwọn tó ń wa takisí láàárín Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀ ló mọ ọkọ̀ Sùlàímọ́nù. Kì í ṣe pé ó jẹ́ tuntun, kì í sì í ṣe pé ó mọ eré sá. Omi ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Kẹ́ẹ̀gì omi kì í wọ́n nínú búùtù rẹ̀, kò sì sí ilé kan létí títì tí Sùlàímọ́nù kò tíì kanlẹ̀kùn rẹ̀ rí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù mí lómi díẹ̀, òǹgbẹ ń gbẹ ìyàwó mi." Onílé á wo inú mọ́tò, kò ní rí obìnrin kankan, á bú sẹ́rìn-ín, á sì bu omi fún un.

Ìyàwó rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Mùtíátù. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, níbi téèyàn ti ń yà sí Sábó. Kì í ṣe aláriwo, ṣùgbọ́n bó bá ti fi ọkàn sí nǹkan, ẹ fi í sílẹ̀, yóò débẹ̀. Ọmọ Ṣakí ni òun àti ọkọ rẹ̀, àmọ́ Ìbàdàn ni wọ́n ti mọra, Ìbàdàn náà ni wọ́n ti bí Zùwáírátù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá Mùtíátù ní Ṣakí, tó sì ń lọ sílé ìwé níbẹ̀.

Ayé Ṣáàpù, ètò ìjọba tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, ni ayé ìgbà náà. Nǹkan tí èèyàn ń fi owó rà lánàá, bó bá di òní, ojú ni yóò máa fi rà á. Rádíétọ̀ tuntun ti kúrò ní ohun tí onítakisí ń fẹnu kàn. Ìdí nìyẹn tí Sùlàímọ́nù fi ń fi ọgbọ́n bá tirẹ̀ gbé. Bó bá ti rí i pé omi ń kán sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, á gé ọṣẹ ìfọṣọ, á rún un mọ́wọ́, á fi lẹ ojú ibi tó ń jò. Bí ọṣẹ bá yọ́, á bu ata gígún, á dà á sínú rádíétọ̀, nítorí àwọn awakọ̀ àgbà ti kọ́ ọ pé ata á wú nínú omi, á sì dí ihò. Ìgbà kan wà tó fọ́ ẹyin adìyẹ sí i. Jíjò náà á dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, á ní òun ti ṣẹ́gun.

Mùtíátù bi í ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Bàbá Zùwáírá, ata tí ẹ ń dà sí i yẹn, ibo ló ń lọ?"

"Ibi tí ihò wà ló ń lọ."

"Bí ihò bá wá ti dí, ibo ni èyí tó ṣẹ́ kù ń lọ?"

Sùlàímọ́nù rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Zùwáírá, jẹ́ n jẹ ẹ̀kọ mi ní ìrọ̀rùn."

Ọ̀sán gangan ni, nínú oṣù Ẹrẹ̀nà, nígbà tí oòrùn Ìbàdàn máa ń mú bí ẹni pé ó bá èèyàn ní gbólóhùn asọ̀. Sùlàímọ́nù kó èrò láti Dùgbẹ̀, ó ń gun òkè Mọ́kọ́lá. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ mú wọn lójú òkè, mọ́tò ń lọ, ó ń dúró. Èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èrò kan ń pòṣé, òmíràn ní bí òun bá mọ̀, òun ì bá ti fẹsẹ̀ rìn. Ìtìjú mú Sùlàímọ́nù. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi àkísà di ọmọrí rádíétọ̀ mú, ó yí i.

Omi náà kò ṣàn, ṣe ló ta. Ó ta sí i lápá ọ̀tún, ó ta sí i láyà àti lọ́rùn títí dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Àwọn tó wà nítòsí sọ pé igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ ní òdìkejì títì. Obìnrin kan tó ń ta omi tútù da gbogbo omi tó wà nínú igbá rẹ̀ sí i lára, èrò tó ń pòṣé lẹ́ẹ̀kan ló wá mọ́tò míràn tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Aṣọ ni Mùtíátù ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá sọ fún un. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì jáde láìti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó rí ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ti fi báńdéèjì wé e láti ọwọ́ dé ọrùn, ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ojú méjèèjì ń ṣẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ó wá jókòó sórí àga.

Ojú ọgbẹ́ náà jiná. Awọ ibẹ̀ hun jọ, ó ń dán, ṣùgbọ́n ó jiná. Ohun tí kò jiná ni ìbẹ̀rù. Sùlàímọ́nù kò sún mọ́ mọ́tò náà mọ́. Bí Mùtíátù bá gbé omi kaná fún ẹ̀kọ àárọ̀, tí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ọkọ rẹ̀ á rọra dìde, á bọ́ sí ìta bí ẹni tó fẹ́ lọ wo ojú ọjọ́. Lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń rìn lọ, oníkẹ̀kẹ́ kan tú afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ nítòsí wọn, ó dún ṣìììì. Kí Mùtíátù tó yíjú, ọkọ rẹ̀ ti sá sẹ́yìn ògiri, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ọkùnrin tó máa ń pa gbogbo ibùdókọ̀ lẹ́rìn-ín. Mùtíátù dúró tì í títí èémí rẹ̀ fi wálẹ̀, wọ́n sì jọ ń lọ.

Takisí wà lábẹ́ igi ọdán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ewúrẹ́ sọ abẹ́ rẹ̀ di yàrá.

"N ó tà á," Sùlàímọ́nù wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Wọ́n ń wá ọdẹ tí yóò máa ṣọ́ ilé ní Bódìjà. N ó lọ ṣe é."

Iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀sín, Mùtíátù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó fẹ́ràn èrò, tó fẹ́ràn ìròyìn àti àwàdà, tí wọ́n bá ní kó dá jókòó sẹ́nu géètì, ìbẹ̀rù náà ni yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ kejì, bó ti ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń rò ó. Nígbà tó délé, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ kọ́ mi," ó wí.

"Kí ni n ó kọ́ ọ?"

"Mọ́tò wíwà."

Sùlàímọ́nù wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Mọ́tò tó fẹ́ sè mí bí ẹran yìí?"

"Mọ́tò kọ́ ló fẹ́ sè yín, omi ni. A ò sì tíì mọ ohun tó ń sọ omi náà di bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n ná. Bí a bá mọ̀ ọ́n tán, tí ẹ ṣì fẹ́ tà á, n kò ní dá yín dúró."

Àyànkúnlé ni mẹkáníìkì tí wọ́n gbé mọ́tò náà lọ bá nísàlẹ̀ òkè. Ọkùnrin sanra kan ni, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó tú rádíétọ̀ kúrò lójú mọ́tò, ó dà á dorí kodò sórí pẹpẹ, ó gbọ̀n ọ́n. Ẹrẹ̀ pupa kọ́kọ́ jáde, ọṣẹ dídì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ata wá ń bọ́ ní gìdì gìdì bí èèpá ọbẹ̀ tó ti gan mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò.

"Àwé!" Àyànkúnlé kígbe. "Ta ló ń se ọbẹ̀ nínú nǹkan yìí?"

Sùlàímọ́nù dúró ní òdìkejì ọ̀nà, níbi tó rò pé òun ti jìnnà sí ewu. Ó gbọ́ ọ, ó sì wolẹ̀.

Àyànkúnlé rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá Zùwáírá, ẹ wò ó. Àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ yìí lomi ń gbà kọjá kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ, kó tutù, kó tún padà lọ gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ata ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ihò tó ń jò àti ihò tí omi ń gbà. Gbogbo rẹ̀ ló ń dí."

"Àṣé bó ti ń dí ti ìta ló ń fún un lọ́rùn nínú."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Kì í sì í ṣe ohun tí ọkọ yín nìkan ń ṣe. Gbogbo wọn ni."

Mùtíátù tún bi í léèrè ohun tó ń jẹ́ kí omi náà ta bí ìbọn. Àyànkúnlé ní bí omi bá hó níbi tí wọ́n pa á mọ́, kò rí ọ̀nà sá, agbára ló ń kó jọ. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún un ló máa bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó fa irin tí wọ́n fi ń yẹ epo ẹ́ńjìnnì wò yọ, ó fi hàn án. Epo náà dúdú. Ó ní kí wọ́n dúpẹ́, pé ká ní ó ti funfun bí ògì ni, á jẹ́ pé omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ á sì di ẹ̀kún. Lẹ́yìn náà ló fi wáyà gígùn tú inú rádíétọ̀ ní ihò kọ̀ọ̀kan, ó fi omi ṣàn án títí tó fi mọ́, ó yọ́ òjé, ó fi dí ibi tó ń jò. Ó pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń yí fáànù, ó sì wá ọmọrí míràn fún un, nítorí rọ́bà ti àtijọ́ ti jẹ. Nígbà tí mọ́tò náà dún, tó dún títí, tí omi kò kán sílẹ̀, Mùtíátù gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Ó ti sún mọ́ àárín ọ̀nà.

Pápá kan wà lẹ́yìn Àgbọwó nígbà náà tí wọn kò tíì kọ́lé sí. Ibẹ̀ ni Mùtíátù ti kọ́ mọ́tò. Àyànkúnlé á bá wọn wà á débẹ̀ láàárọ̀ kùtù, á sọ̀ kalẹ̀, á lọ jókòó sórí òkúta, á máa jẹ ẹ̀pà. Mùtíátù á bọ́ sídìí sítíárì. Sùlàímọ́nù ńkọ́? Ìjókòó ẹ̀yìn ló jókòó sí, ó há ara rẹ̀ mọ́ igun tó jìnnà sí bọ́nẹ́ẹ̀tì jù lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ́ni.

"Kílọ́ọ̀ṣì! Mo ní kílọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe bíréèkì! Ìyá Zùwáírá, o fẹ́ já mi lọ́rùn ni?"

"Ẹ bọ́ síwájú kí ẹ fi hàn mí!"

"Mo ń rí i láti ibí!"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá lọ sí Yunifásítì á dúró, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á pè é ní "Mádáàmù Jíà Wán". Kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti ìgbà ọmọge, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá irin sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, mọ́tò kò ta pọ́ún mọ́ bó bá fẹ́ ṣí. Nígbà tó tún yá, ó ṣàdédé rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ọkọ òun ti wà lójú ìjókòó iwájú. Kò bi í léèrè ìgbà tó débẹ̀. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ki jíà, wọ́n ń lọ.

Ó gba láísẹ́ẹ̀sì. Kò gba ọ̀nà Dùgbẹ̀, nítorí àwọn awakọ̀ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rímú mí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti obìnrin. Ọ̀nà Moniya ló mú. Láàárọ̀, á kó àwọn tó ń gbé ẹ̀fọ́ àti gààrí wọ ìlú, á já wọn sí Bódìjà. Bó bá di ọ̀sán, á padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin á dé ẹnu ọ̀nà mọ́tò, wọ́n á rí ẹni tó wà nídìí sítíárì, wọ́n á rántí pé àwọn gbàgbé nǹkan sílé. Àwọn ìyá aláẹ̀fọ́ ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ jẹ́ kó gbé wa. Ṣé ọkùnrin ló gbé wa wáyé ni?" Láti ọjọ́ náà, wọn kì í wọ mọ́tò míràn. Sùlàímọ́nù a máa jókòó ti ìyàwó rẹ̀, á máa pe èrò, á máa dá wọn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n yẹ omi wò, á rántí pé òun fẹ́ ra oríṣi nǹkan kan létí ọjà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń bọ̀ láti Moniya, wọ́n ti sún mọ́ Òjóò. Àwọn ìyá aláẹ̀fọ́ kún ẹ̀yìn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gbádérọ̀, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba, sì há sáàárín wọn pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Mùtíátù kì í gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ó rí i pé ó ti kúrò ní àyè rẹ̀. Ó tún wò ó, ó ti gòkè sí i. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa iná mọ́tò.

"Kí ló dé?" Gbádérọ̀ bèèrè.

"Ó gbóná, sà. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀."

"Tutù ke? Wọ́n ń retí mi níbi iṣẹ́! Ẹ da omi sí i ká máa lọ."

Mùtíátù ti lọ sẹ́yìn láti gbé kẹ́ẹ̀gì nínú búùtù. Kò mọ̀ pé Gbádérọ̀ ti bọ́ sílẹ̀, ó ti gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ó ti fa áńkáṣíìfù yọ lápò. Ohùn ọkọ rẹ̀ ló gbọ́.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Ó fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó sáré yí mọ́tò po. Sùlàímọ́nù wà níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí kò dé mọ́ láti ọjọ́ òkè Mọ́kọ́lá. Ó di ọrùn ọwọ́ Gbádérọ̀ mú, àwọn ìka akọ̀wé náà kò sì ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí ọmọrí rádíétọ̀.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Irú ìwà wo lèyí?"

"Ẹ dákun, ẹ wo apá mi," Sùlàímọ́nù wí. Ó fi ọwọ́ kejì fa ọrùn bùbá rẹ̀ sísàlẹ̀. "Ẹ wo ọrùn mi. Èmi náà ń kánjú lọ́jọ́ náà ni."

Gbádérọ̀ wò ó. Ó wo rádíétọ̀ tó ń hó sínú ara rẹ̀, kùn-ùn-ùn. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó sì rìn lọ sábẹ́ igi.

Wọ́n dúró. Àwọn ìyá aláẹ̀fọ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n da ẹ̀fọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ṣa ewé tó ti pọ́n kúrò. Mùtíátù sún mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n ṣí i bó bá tutù," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Rárá. Èmi ni n ó ṣí i."

Nígbà tó ti lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé rádíétọ̀ láìfà á yọ, ó ṣẹ́ àkísà sí méjì, ó bo ọmọrí, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì yí i díẹ̀. Ó dún ṣìì. Kò le, kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó dún. Mùtíátù rí i tó di ojú rẹ̀ pinpin, tí gbogbo ara rẹ̀ le bí igi. Kò sá. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ìró náà fi tán, ó wá yí ọmọrí náà yọ, ó gbé e sókè, ó ń wò ó lọ́wọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn.

Láti ìgbà náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ ipa omi láti òkè wá sísàlẹ̀. "Rádíétọ̀ kọ́," ó wí. "Òjé Àyànkúnlé ṣì wà níbẹ̀ digbí. Rọ́bà ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà yìí ló ya létí ibi tí wọ́n so ó mọ́." Ó yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá, ó gé ibi tó ya kúrò, ó fa èyí tó kù bọ ẹnu irin, ó sì fún un dáadáa. Ó ní kí Mùtíátù ṣíná, kó jẹ́ kó máa dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kún. Ọ̀kan lára àwọn ìyá dárin ọpẹ́, àwọn yòókù gbè é.

Nígbà tí wọ́n já Gbádérọ̀ sílẹ̀, ó ti lọ síwájú kó tó padà wá sẹ́nu fèrèsé. "Ẹ ṣeun," ó wí fún Sùlàímọ́nù. "Ilé ìwòsàn ni ǹ bá wà báyìí." Láti ọjọ́ náà ló ti di oníbàárà wọn.

Mùtíátù rò pé ọkọ òun á gba sítíárì lọ́jọ́ kejì. Kò gbà á. Kò sì gbà á lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ń yẹ omi wò láàárọ̀, ó ń nu ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń nu ọmọ, ṣùgbọ́n ìdí sítíárì, ó fi sílẹ̀ fún un. Mùtíátù kò fi dandan mú un. Ó di ìgbà tí iṣẹ́ aṣọ Iléyá dé, tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi sùn sórí aṣọ tó ń fọwọ́ rán lórí ibùsùn. Láàárọ̀, dídún mọ́tò ló jí i. Ó fẹ́ dìde, kó lọ wo ẹni tó ń jí mọ́tò gbé. Ó wá gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ níta tó ń kígbe mọ́ ewúrẹ́ pé kí wọ́n kúrò lọ́nà fún ọ̀gá. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń gbọ́ bí jíà ṣe ń wọlé, bí mọ́tò ṣe ń gun títì, títí ìró náà fi di ọ̀kan pẹ̀lú ariwo Mọ́kọ́lá. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó nù ún, ó sì mú abẹ́rẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń pín in nìyẹn: òwúrọ̀ ti Mùtíátù ni, ọ̀sán ti Sùlàímọ́nù. Ní ibùdókọ̀, bí Sùlàímọ́nù bá rí awakọ̀ tó ń rún ọṣẹ tàbí tó mú ata gígún lọ́wọ́, á ṣí bùbá rẹ̀ hàn án, á sì júwe ilé Àyànkúnlé. Àwọn kan ń gbọ́. Àwọn kan ní kó lọ jókòó.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n kó ẹrù sí búùtù, wọ́n gbéra lọ sí Ṣakí lọ wo Zùwáírátù. Sùlàímọ́nù wà á dé Ìsẹ́yìn. Wọ́n mu omi níbẹ̀, wọ́n fún mọ́tò náà lómi, Mùtíátù sì bọ́ sídìí sítíárì. Òjò ti rọ̀ lánàá, koríko ẹgbẹ́ ọ̀nà tutù yọ̀yọ̀, abẹ́rẹ́ ooru wà ní àyè rẹ̀. Ó fẹ́ bi ọkọ rẹ̀ bóyá kí àwọn ra iṣu lọ́nà. Ó yíjú wò ó. Sùlàímọ́nù ti fi orí ti fèrèsé, ó ti na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú lábẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń dún, ó ń sùn, ó sì ń hanrun. Mùtíátù dín eré kù díẹ̀ kí gálọ́pù ojú títì má bàa jí i, ó sì ń bá ọ̀nà Ṣakí lọ.